Ọrùn tó ṣẹ́: ohun tí iṣẹ́ abẹ ń ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀

ỌmọÌkirè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Adẹ́mu kan já bọ́ lórí ọ̀pẹ láàárọ̀ yìí, orí ló fi gúnlẹ̀. Ẹ́síréè tí wọ́n yà fún un fi hàn pé eegun ọrùn C5 ti yọ̀ síwájú lórí C6. Ó mọ ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ó lè ká ìgbọ̀nwọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè fún nǹkan mú. Ẹsẹ̀ kò mira rárá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Dókítà ní wọ́n á kọ́kọ́ fi irin fa ọrùn náà, lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ abẹ. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ abẹ yìí ń ṣe gan-an? Kí ló lè bàjẹ́?

DókítàEegun:
Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń to eegun. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tàbí apá kọ́ nìyí. Bí wọ́n bá to ẹsẹ̀ tí kò tò dáadáa, ẹsẹ̀ náà á wọ́, ẹni náà ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá yí ọrùn tó ti yẹ̀, tàbí tí wọ́n fi òrí wọ́ ọ, ìwọ̀nba agbára tó ṣẹ́kù fún un lè lọ lójú ẹsẹ̀, èémí rẹ̀ náà sì lè bá a lọ. Iṣan tó ń darí ẹran tá a fi ń mí, èyí tó pín àyà àti ikùn níyà, àárín C3 sí C5 ló ti ń jáde. C5 tiyín ti yẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí i bó ṣe sún mọ́ tó.

Eegun ọrùn jẹ́ méje, C1 lókè títí dé C7. Tìmùtìmù wà láàárín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, oríkèé kéékèèké méjì sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì lẹ́yìn. Ihò kan la gbogbo wọn kọjá, inú ihò yẹn ni mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà láti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀. Tí eegun òkè bá yọ̀ síwájú bí ìdá mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀, oríkèé kan ló sábà máa ń fò. Tó bá tó ìdajì, méjèèjì ló ti fò tí wọ́n sì há. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn èwo ni tirẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni iṣẹ́ abẹ ń ṣe: ó ń dá eegun padà sí ìlà, ó ń mú ohun tó ń tẹ mùdùnmúdùn kúrò, ó sì ń de eegun náà pa kó má yẹ̀ mọ́. Kò rán mùdùnmúdùn tó ti ya. Kò sí dókítà kankan lórí ilẹ̀ ayé tó lè rán an. Ohun tá à ń sáré gbà là ni èyí tó wú, tó fún, ṣùgbọ́n tí kò tíì kú.

Ìdí nìyẹn tí aago fi ṣe pàtàkì. Ìwádìí STASCIS tó jáde ní 2012 fi hàn pé àwọn tí wọ́n mú ohun tó ń tẹ mùdùnmúdùn kúrò fún láàárín wákàtí 24 rí ìyípadà rere ju àwọn tí wọ́n fi falẹ̀ lọ. Wákàtí 24 yẹn ń ka láti ìgbà tó ti já bọ́. Kò dúró de ìgbà tẹ́ ẹ dé ọsibítù.

Bó ṣe mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun yẹn, ìròyìn tó dáa ni. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ ẹnu ìdí rẹ̀ wò: ṣé ó mọ̀ tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tàbí òwú kàn án níbẹ̀, ṣé ó lè fún ìdí pọ̀ mọ́ ìka dókítà? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín àwọn aláìsàn sí ìpele, láti A dé E. A ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan lẹ́nu ìdí tí kò sì lè fún un pọ̀. B mọ̀ ọ́n lára, kò lè mira. C ń mira díẹ̀, agbára rẹ̀ kò tó gbé ara sókè. D ní agbára tó pọ̀ díẹ̀ sí i. E ti padà sípò. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn àti aago tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sílẹ̀, nítorí òun la ó fi mọ̀ bóyá ó ń lọ síwájú tàbí ó ń padà sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dù:
Ẹ ṣé, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gbígbé e, torí wọ́n lè fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lálẹ́ yìí.

Èèyàn márùn-ún ni. Ẹnì kan dúró lókè orí, òun nìkan ló ń pàṣẹ. Kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀gbẹ́ orí mú, kí ìka rẹ̀ nà dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, kí imú aláìsàn dọ́gba pẹ̀lú ìdodo rẹ̀. Àwọn mẹ́ta dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan: ọ̀kan mú èjìká àti ìbàdí, èkejì mú ìbàdí àti itan, ẹ̀kẹta mú itan àti ojúgun, kí ọwọ́ wọn kọjá lórí ara wọn. Ẹnì karùn-ún ti pátákó sábẹ́. Ẹni tó wà lórí á kà 1, 2, 3, gbogbo ara á sì yí pọ̀ bí igi gẹdú. Tí èjìká bá ṣáájú ìdí, ọrùn ti yí nìyẹn.

Pátákó wà fún ojú ọ̀nà nìkan. Kẹ́ ẹ tó gbé e lé e, ẹ yọ bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́ àti fóònù kúrò lára rẹ̀. Tó bá dé, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí pátákó kíá sórí fóòmù tó dáa. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lára kò ní ké pé ó ń dun òun. Wákàtí méjì péré lórí pátákó líle tó láti dá egbò sí ìbàdí àti gìgísẹ̀.

Kọ́là ọrùn náà ní bá a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìka yín wọn òkè èjìká dé abẹ́ àgbọ̀n, iye ìka yẹn ni gíga ibi líle kọ́là. Tó bá ga jù, ó ń tì orí sẹ́yìn. Tó bá kúrú, àgbọ̀n á bọ́ sínú rẹ̀. Tí kò bá sí kọ́là, ẹ ká aṣọ méjì bí òṣùká gígùn sí ẹ̀gbẹ́ orí, ẹ fi bándéèjì so iwájú orí mọ́ pátákó. Ẹ má so àgbọ̀n, torí tó bá bì, kò ní lè la ẹnu.

ỌmọÌkirè:
Ọlọ́run á san án fún yín. Níbo ló yẹ ká gbé e lọ báyìí?

DókítàEegun:
Láti Ìkirè, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ló sún mọ́ yín jù. UCH Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn láti 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti dá a sílẹ̀. OAUTH, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà ní Ifẹ̀. Àwọn tó wà ní Èkó mọ ọsibítù eegun Igbóbì. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pè wọ́n ná kẹ́ ẹ tó gbéra: ṣé bẹ́ẹ̀dì wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tó nílò ìtọ́jú gidi? Ṣé MRI wọn, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán mùdùnmúdùn àti tìmùtìmù, ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ṣé irin tí wọ́n á lò wà nílẹ̀? Ọsibítù tí gbogbo rẹ̀ pé tí ẹ fi wákàtí méjì dé, ó dáa ju èyí tó wà nítòsí tí ẹ máa fi ọjọ́ mẹ́ta dúró níbẹ̀.

Ẹ mú fíìmù ẹ́síréè náà lọ, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó fi gbogbo eegun méje hàn títí dé orí T1, eegun àkọ́kọ́ ní ẹ̀yìn àyà. Èjìká sábà máa ń bo C7. Tí kò bá hàn, wọ́n á gbé apá kan sókè bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yà á, tàbí kí wọ́n ṣe CT, ẹ́síréè oníkọ̀ǹpútà. Eegun kejì tó kán lábẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

AkunilóorunṢọlá:
Ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó gbéra. Tí BP rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná tó sì gbẹ, ọrùn ló fà á, nítorí iṣan tó ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ti dákẹ́. Tí ọkàn bá ń sáré, tí ara tutù, ẹ̀jẹ̀ ń dà níbì kan nìyẹn. Kí wọ́n yẹ ikùn wò, torí ẹni tó já lórí ọ̀pẹ lè ti fọ́ ọlọ́ inú rẹ̀, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. BP ìpíndọ́gba (MAP, kì í ṣe nọ́ńbà òkè) tá à ń lépa ni 85 sí 90, a sì ń mú un bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ méje. Omi nìkan kò lè gbé e débẹ̀, ó máa ń nílò oògùn tó ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Tí wọ́n bá kàn ń da omi sí i, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á kún.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ra methylprednisolone olówó gọbọi, ẹ rọra béèrè ìdí. Wọn kò fi í ṣe dandan mọ́: ó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà nínú ikùn, àǹfààní rẹ̀ kò sì dájú.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹnì kan á di orí mú gírí ní ìlà rẹ̀ nígbà tí a bá ń ti rọ́bà èémí sí ọ̀nà ọ̀fun. A máa ń lo èyí tó ní kámẹ́rà, kí a má baà tẹ ọrùn sẹ́yìn. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ suxamethonium tó ń mú ẹran ara rọ kíákíá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò sí ewu. Láti bíi wákàtí 48 lọ, lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ó lè tú potassium sínú ẹ̀jẹ̀ débi pé ọkàn á dúró. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tó já bọ́ gàdàgbà sí iwájú fáìlì rẹ̀.

ỌmọÌkirè:
Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin fa á. Àwọn obìnrin ilé ń sunkún pé wọ́n fẹ́ lu orí rẹ̀ ní ihò.

DókítàEegun:
Ẹ bá mi pàrọwà fún wọn. Irin náà rí bí ọrun ọdẹ, ó ní ṣóńṣó méjì tó ń jókòó sára eegun agbárí níta, kò wọ inú ọpọlọ. Sẹ̀ǹtímítà kan lókè etí ni wọ́n ń fi í sí, ní ìlà kan pẹ̀lú ihò etí, nísàlẹ̀ ibi tí orí ti fẹ̀ jù. Tó bá lọ síwájú jù, orí á tẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá lọ sẹ́yìn jù, àgbọ̀n á wá sí àyà. Tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa já. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn pa ibẹ̀ kú. Nínú ṣóńṣó kan, sípíríǹgì kékeré wà pẹ̀lú bọ́tìnnì tó ń yọ síta bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ. Tó bá yọ mílímítà kan péré, ó ti tó.

Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bíi kílò 4.5. Wọ́n á fi bíi kílò 2.3 kún un, wọ́n á dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15, wọ́n á yà ẹ́síréè, wọ́n á ní kó mi ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí wọ́n tó fi òmíràn kún un. Fún C5 lórí C6, ó sábà máa ń kọjá kílò 10, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró tí agbára tó ní bá dín, tí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, tàbí tí àlàfo láàárín eegun méjì bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí eegun bá ti wọlé, wọ́n á dín ìwọ̀n kù sí bíi kílò 5 sí 7.

Ó gbọ́dọ̀ wà lójúfò ní gbogbo àkókò yẹn, torí ẹnu rẹ̀ ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ti ń wá. Fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, MRI ni kó ṣáájú: tìmùtìmù tó ti ya lè sún sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń fa eegun, kó wá tẹ mùdùnmúdùn pa. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti ya kúrò lára orí, wọn kì í fa á rárá.

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dù:
Kí olùtọ́jú máa wo okùn yẹn ní gbogbo wákàtí. Ìwọ̀n kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fara ti bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀ kí ara aláìsàn má baà yọ̀ lọ sókè. Tó bá ti yọ̀ débi tí irin fi kan púlì, kò sí ohun tó ń fa ọrùn mọ́. Àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n náà sókè láti fi tù ú lára.

DókítàEegun:
Ó ku iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, iwájú tàbí ẹ̀yìn, nígbà mìíràn méjèèjì.

Láti iwájú, aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á gé ojú awọ ọrùn ní ìlà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á sún gògóńgò àti ọ̀nà oúnjẹ sí àárín, wọ́n á sún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kan gún tìmùtìmù tí wọ́n rò pé òun ni, wọ́n á sì yà ẹ́síréè lórí tábìlì. Ìgbésẹ̀ kékeré yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí eegun tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á kó gbogbo tìmùtìmù tó ya títí wọ́n á fi rí awọ tó bo mùdùnmúdùn. Wọ́n á fi eegun tí wọ́n gé láti ìbàdí rẹ̀ dí àlàfo náà, tàbí àgò kékeré tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, wọ́n á wá fi irin pẹlẹbẹ àti sukúrúù mẹ́rin, tí gígùn wọn tó mílímítà 14 sí 16, de C5 mọ́ C6. Etí irin yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà sí tìmùtìmù tókàn ní mílímítà 5 ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eegun á hù bo ìyẹn náà.

Láti ẹ̀yìn, ó dojú bolẹ̀, irin ẹlẹ́nu mẹ́ta di agbárí rẹ̀ mú kí ojú rẹ̀ má fara kan nǹkan kan. Tí oríkèé bá há tí fífà kò sì tú u, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìlu ha díẹ̀ kúrò lórí oríkèé C6 títí yóò fi wọlé. Sukúrúù tó wọ ẹ̀gbẹ́ eegun níbẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 3.5, ó gùn tó 12 sí 14, ó sì gbọ́dọ̀ dojú kọ òkè àti ìta, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú ihò ẹ̀gbẹ́ eegun ọrùn kọjá. Sukúrúù tó bá dojú kọ inú lè bá a níbẹ̀.

Èrò tèmi lórí irú tiyín: tí MRI bá fi tìmùtìmù hàn lẹ́yìn C5, iwájú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí ẹ̀yìn ṣáájú lè ti tìmùtìmù yẹn wọ mùdùnmúdùn. Tí oríkèé méjèèjì bá sì fọ́ yángá, irin iwájú nìkan lè tú, kí wọ́n kúkú fi ti ẹ̀yìn kún un.

Iwájú ń mú kí gbígbé oúnjẹ mì nira, ohùn sì lè há. Èyí tó pọ̀ jù ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn jù lẹ́yìn iṣẹ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì tètè ń kó kòkòrò. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì kó wà nílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá títáníọ̀mù ni irin náà, torí òun ni kì í jẹ́ kí MRI tí wọ́n bá yà lẹ́yìn ìgbà yẹn dàrú púpọ̀. Wọn kì í yọ ọ́ bí kò bá fa wàhálà.

Fún àwọn tó ń ka èyí nítorí C1 tàbí C2: ọ̀pọ̀ wọn kì í nílò ọ̀bẹ. Kọ́là líle tàbí adé irin tó ní ṣóńṣó mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ agbádá àyà, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, máa ń tó. Èyí tó ṣòro ni kí ṣóńṣó eegun tó yọ sókè lára C2 kán nídìí. Lára arúgbó kì í tètè jọ, adé irin sì ń ṣàkóbá fún wọn nítorí àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá so C1 mọ́ C2, bí ìdajì agbára láti yí orí sọ́tùn-ún sósì á lọ.

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dù:
Òru àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ iwájú ló léwu jù. Tí ọrùn bá ń wú, tí ohùn ń yí padà, tí itọ́ ń dà, tí kò lè sùn sílẹ̀, tí èémí ń dún bíi fèrè, ẹ̀jẹ̀ ń kún sínú ọgbẹ́ nìyẹn. Ẹ pariwo. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú òwú ọgbẹ́ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má dúró de yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó yẹ kí ohun èlò tí wọ́n á fi tú òwú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ní gbogbo òru yẹn.

Kó tó jẹ ẹ̀kọ tàbí àmàlà, síbí omi kan lẹ́ẹ̀kan, orí sókè. Tó bá ń wúkọ́, ẹ dúró. Yíyí i padà ní wákàtí méjì-méjì tọ̀sán-tòru, nípa àwọn èèyàn tí mo kà lókè. Ẹ máa wo ìbàdí, gìgísẹ̀, ìpàkọ́ àti abẹ́ kọ́là: tí ibì kan bá pọ́n tàbí dúdú tí kò padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́dọ̀ sùn lé e mọ́. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìjàm̀bá. Ẹsẹ̀ kan tó wú ju èkejì lọ kì í ṣe ohun à ń fi òrí ra, ẹ pe dókítà.

FísíòAdé:
Ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹni tó ní C5 ń ká ìgbọ̀nwọ́. Tí C6 bá padà, ọrùn ọwọ́ á gbé sókè, ìka rẹ̀ á sì pa dé fúnra wọn bó ṣe ń gbé e. Òun ló máa fi mú ife àti síbí lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, ẹ má ṣe na ìka rẹ̀ títọ́ nígbà tí ọrùn ọwọ́ bá wà lókè. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó na ìka. Ẹ ká ìka kẹ́ ẹ tó gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ ẹbí fi ìfẹ́ na iṣan yìí títí ó fi rọ̀, dídìmú yẹn sì lọ.

Ikọ́ náà ńkọ́: ẹran ikùn rẹ̀ kò lè ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ àyà, kẹ́ ẹ tì í wọlé àti sókè bó ṣe ń wúkọ́, lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ pé irin náà ti dúró.

DókítàEegun:
Kọ́là fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ́síréè ní ọ̀sẹ̀ 6, oṣù 3, 6 àti 12. Eegun ń jọ láàárín oṣù 3 sí 6, sìgá sì ń dí i lọ́wọ́ gan-an. Tó bá wá ń rí nǹkan bí ìdènà nígbà tó bá ń gbé oúnjẹ mì, tàbí ibà, tàbí ìrora tuntun lọ́rùn, ẹ gbé e padà, sukúrúù lè ti yọ.

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dù:
Ohun kan ṣì kù tó ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù. Orí fọ́ ọ lójijì, ojú àti àyà rẹ̀ làágùn tó pọ́n, BP tó máa ń wà ní 90 sí 110 fò lọ sí 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun kan ń dùn ún nísàlẹ̀ tí kò mọ̀. Ẹ gbé e jókòó kíá, ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì àti bàtà. Ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ láti ìdí dé àpò: ó lè ti ká tàbí kí àpò ti kún. Tí ibẹ̀ bá dáa, ìgbẹ́ ló há sí ìdí. Tí BP kò bá wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọsibítù ni. Ẹ kọ gbogbo èyí sórí káàdì kan, kí ó máa wà nínú àpò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí á rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni.